Wọ́n fẹ́ fi iná mànàmáná wo abẹ́ ilẹ̀ màmá mi kí a tó gbẹ́ borehole: kí ni kí n máa wò?

ỌmọAdó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Adó-Èkìtì ni màmá mi ń gbé. Kànga ẹ̀yìnkùlé wọn máa ń gbẹ láti bí oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ títí òjò á fi tún rọ̀. Àwa ọmọ ti fẹnu kò pé lọ́dún yìí a ó gbẹ́ borehole fún wọn. Agbẹ́lẹ̀ tó kọ́kọ́ wá ní òun ò nílò àyẹ̀wò kankan, pé ibi tí màmá bá fọwọ́ sí ni òun á gbẹ́, omi á sì jáde. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni aládùúgbò tó kọjú sí wọn gbọ́ tó fi gbẹ́ tirẹ̀. Eruku àpáta ló ń jáde títí owó fi tán.

Bùrọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní kí a kọ́kọ́ pe àwọn tó ń fi iná wo abẹ́ ilẹ̀. Ṣé iná yẹn ń rí omi lóòótọ́? Bí wọ́n bá ń ṣe é, kí ni kí n máa wò, kí wọ́n má kàn gba owó màmá mi lọ? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

AyẹlẹwòÀkúrẹ́:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Iṣẹ́ tí mo ń jẹ nìyí, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Iná kì í rí omi. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ òun rí omi ti sọ ju ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ sọ lọ. Ohun tí à ń wọ̀n ni bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Èèkàn irin mẹ́rin la máa ń kàn mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Láti ara méjì tó wà lóde ni iná ti ń wọ ilẹ̀, àwọn méjì tó wà láàárín la sì fi ń wọn fólítì tó yọ. A ó fi iye iná tó wọlé pín fólítì yẹn, a ó wá fi iye kan sọ ọ́ di púpọ̀, iye tó dá lórí bí èèkàn ṣe jìnnà síra. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní resistivity, ohm-mita la fi ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan kí ẹ rí i. Ká ní èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi mítà 10, mítà 10 jìnnà síra, ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní Wenner. Iye tí a ó fi sọ ọ́ di púpọ̀ jẹ́ 62.8. Iná tó wọlé jẹ́ 50 mA, fólítì tó yọ jẹ́ 80 mV. Ẹ fi 50 pín 80, ó di 1.6. 1.6 lọ́nà 62.8 jẹ́ bíi 100 ohm-mita. Ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà lè ṣe ìṣirò yẹn. Ibi tí ìmọ̀ ti wà ni kí a mọ ohun tí 100 yẹn ń sọ nípa ilẹ̀ tí a dúró lé.

Òkúta fúnra rẹ̀ kì í gbé iná. Omi tó wà nínú ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ àti nínú ojú ibi tó ti sán ló ń gbé e, nítorí iyọ̀ tó yòrò sínú omi náà. Amọ̀ náà ń gbé iná dáadáa. Nítorí náà, àpáta líle tí kò sán máa ń ka ẹgbẹ̀rún kan sókè, ó sì lè ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Yangí tó gbẹ máa ń ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún, nígbà mìíràn ó kọjá ẹgbẹ̀rún. Àpáta tó ti jẹrà tó sì mu omi, èyí tí à ń wá kiri ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀ṣun, sábà máa ń wà láàárín 20 sí 200. Tó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 20, mo ti ń fura sí amọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: omi ń fa nọ́ńbà wálẹ̀, amọ̀ náà ń fà á wálẹ̀. Amọ̀ a máa mu omi yó, ṣùgbọ́n kì í tú u sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ní Adó yín níbẹ̀, ibi kan wà tí charnockite wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkúta dúdú yẹn, tó bá jẹrà, amọ̀ ló sábà máa ń dì. Mo ti rí ìwé àbọ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ rí nọ́ńbà 12, tó sì fi bírò pupa kọ "omi pọ̀ gan-an" sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí owó ìyá arúgbó ni wọ́n fi ń ṣe é.

ỌmọAdó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé nọ́ńbà kan ti mítà 5 ni, òmíràn ti mítà 30?

AyẹlẹwòÀkúrẹ́:
Bí èèkàn òde bá ṣe ń jìnnà síra ni iná ṣe ń rìn jinlẹ̀ sí i. À ń dúró sójú kan, à ń sún èèkàn òde méjèèjì síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: mítà 1 láti àárín, 2, 3, 6, títí dé 65, 100. À ń ka nọ́ńbà ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ìlànà yìí ni wọ́n ń pè ní Schlumberger, orúkọ Conrad Schlumberger, ará Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná wo abẹ́ ilẹ̀ ní Normandy ní 1912. Èèkàn àárín kì í sún lọ títí. Ìgbà tí fólítì bá ti kéré jù la tó ń yà wọ́n síra díẹ̀, àlàfo wọn kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún àlàfo èèkàn òde.

Ẹ ò lè sọ pé èèkàn tó wà ní mítà 100 ń wo mítà 100 nísàlẹ̀ o. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó lè má ju mítà 30 sí 50 lọ, ilẹ̀ ló máa sọ.

Ohun tí ẹ máa wò lọ́jọ́ náà ló jáde níbẹ̀ yẹn. Púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Bí wọ́n bá ka gbogbo nọ́ńbà wọn sínú ọgbà màmá tí wọn ò jáde sí títì, ibi tí èèkàn òde lè lọ jù ni mítà 18 láti àárín. Mítà mélòó kan lókè ni wọ́n wò, àpáta sì lè wà ní mítà 25. Wáyà gbọ́dọ̀ jáde sí títì tàbí pápá, ó sì dára kó tẹ̀ lé ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú.

BàbáRìgì:
Ọmọ mi, mo ti fi ọjọ́ pípẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ láti Ìkòlé dé Ọ̀wọ̀ kí n tó fi iṣẹ́ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Mo fọwọ́ sí àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wọn dé, ẹ fẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò ká. Ẹ bi àwọn tó ti gbẹ́ tiwọn léèrè: ibo ni omi ti kọ́kọ́ yọ, ibo ni wọ́n ti bá àpáta líle, ṣé omi wọn ń dúró nínú oṣù Ẹrẹ́nà? Ẹ lọ bi aládùúgbò tó gbẹ́ gbígbẹ yẹn náà, ìdáhùn tirẹ̀ ló tilẹ̀ wúlò jù. Bó bá jẹ́ pé mítà 8 ló ti bá àpáta, tí kànga màmá sì jìn tó mítà 10 tí kò tíì kan òkúta, ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí àpáta kọjú sí. Ẹ wo ibi tí òkúta ti yọrí sí ojú ilẹ̀, ẹ wo ibi tí odò kékeré ń gbà. Odò máa ń tọ ojú ibi tí àpáta ti sán.

Ní ti àwọn tó ń fi ẹ̀ka igi tàbí wáyà títẹ̀ rìn lórí ilẹ̀, mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, mi ò sì ní bú wọn. Àwọn àgbà inú wọn mọ ilẹ̀ dáadáa, wọ́n mọ koríko tó máa ń hù níbi tó tutù. Ohun tí mo rí ni pé tí wọ́n bá gbé wọn lọ sí ìlú tí wọn ò mọ̀, wáyà yẹn kì í ràn wọ́n lọ́wọ́.

Mo tún fẹ́ sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n Àkúrẹ́: mo ti bá omi tó dára níbi tí ìwé àyẹ̀wò ní kò ní sí, mo sì ti gbẹ́ gbígbẹ níbi tí ìwé ní omi pọ̀ sí.

AyẹlẹwòÀkúrẹ́:
Òótọ́ ni bàbá sọ, mi ò sì ní jà sí i. Ìdí rẹ̀ wà. Nọ́ńbà tí à ń kà lókè kò sọ ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àdàlù gbogbo wọn ló ń sọ. Ìpele tó nípọn mítà 20 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 40, àti ìpele tó nípọn mítà 25 tí tirẹ̀ jẹ́ 50, lè fún wa ní ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lórí gíráàfù. Kọ̀ǹpútà tí a fi ń túmọ̀ àwọn nọ́ńbà náà á gba èyí, á gba ìyẹn. Ìpele tín-ín-rín tó wà nísàlẹ̀ gan-an tilẹ̀ lè fara pamọ́ pátápátá. Àpáta tó sán níwọ̀nba ní mítà 45 lè kún fún omi, kí wáyà wa sì gorí rẹ̀ kọjá láìmọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà gbọ́ pé ẹni tó bá wá pẹ̀lú ẹ̀rọ nìkan, tí kò béèrè kànga àdúgbò bí bàbá ṣe wí, tí kò wo òkúta tó yọ sójú ilẹ̀, kò tíì ṣe àyẹ̀wò. Àwọn nǹkan tí a rí lójú ló ń sọ fún wa èyí tó yẹ kí a gbà nínú ìtumọ̀ méjì tí kọ̀ǹpútà gbé wá.

Nípa kọ̀ǹpútà: wọn á kọ iye àṣìṣe sábẹ́ gíráàfù, wọ́n á ní 2%, 3%. Ó dáa kó kéré, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé ìlà kọ̀ǹpútà bá àwọn nọ́ńbà tí a kà mu. Kò jẹ́rìí sí i pé ilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Fọlákẹ́Lẹ́kì:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ń kà á láti Èkó má lọ fi nọ́ńbà Èkìtì wo ilẹ̀ tirẹ̀ o. Yanrìn ni tiwa, àpáta jìnnà sísàlẹ̀ gan-an. Ìṣòro wa ní etí òkun ni omi iyọ̀. Omi òkun máa ń ka bíi 0.2 ohm-mita, yanrìn tí omi iyọ̀ sì ti wọ̀ máa ń ka nọ́ńbà kékeré gan-an, ẹyọ kan tàbí méjì nígbà mìíràn. Yanrìn tó ní omi dídùn máa ń ka ọgọ́rùn-ún sókè. Níhìn-ín, nọ́ńbà tó lọ sílẹ̀ jù ni à ń sá fún.

Ibi tó le ni pé omi dídùn lè wà lókè díẹ̀, kí omi iyọ̀ wà láàárín, kí ìpele amọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí omi dídùn tún wá wà nísàlẹ̀ amọ̀ yẹn. Amọ̀ àti omi iyọ̀ jọ ń ka kékeré, torí náà nọ́ńbà nìkan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní àdúgbò wa, ìwé tí àwọn agbẹ́lẹ̀ kọ nígbà tí wọ́n gbẹ́ tẹ́lẹ̀ ló gbà wá. Wọ́n fi páìpù dí ojú ibi tí iyọ̀ wà pinpin kí wọ́n tó gba inú amọ̀ kọjá. Ẹni tó bá gbẹ́ kọjá láìdí i dáadáa, omi iyọ̀ òkè á máa ṣàn bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀, ó sì máa ba ti gbogbo àdúgbò jẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Géò:
Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà. Applied Geophysics ni mò ń kà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un nípa ìyàtọ̀ láàárín amọ̀ àti omi. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní induced polarization. Wọ́n á ti iná sínú ilẹ̀, wọ́n á pa á lójijì, wọ́n á wá wo bí fólítì ṣe ń kú lọ. Amọ̀ a máa di iná mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀, yanrìn mímọ́ tó ní omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn resistivity lónìí lè ṣe é pẹ̀lú èèkàn kan náà. Ẹ bi wọ́n bóyá tiwọn lè ṣe é.

Ìlànà mìíràn tí wọ́n ń pè ní VLF (very low frequency) náà wà. Òun kì í kan irin mọ́lẹ̀ rárá. Ìgbì rédíò àwọn ilé iṣẹ́ ológun ojú omi ló ń lò, èyí tí wọ́n fi ń bá ọkọ̀ abẹ́ omi sọ̀rọ̀, láàárín 15 sí 30 kHz. Ẹnì kan á gbé e rìn la ilẹ̀ kọjá, á sì fi ibi tí àpáta ti sán hàn kíákíá. Nílé ẹ̀kọ́ wọ́n kọ́ wa pé kí a fi VLF rìn ín kọjá ná, kí a tó wá fi èèkàn mẹ́rin jókòó sórí ibi tó fi hàn. Wáyà NEPA àti páìpù irin máa ń tàn án jẹ, torí náà kò rọrùn láàárín ìlú.

ỌmọAdó:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé o. Mo ti rí ẹnì kan tó forúkọ sílẹ̀ ní COMEG, àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìwakùsà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn mí kí n tó béèrè. Ibi méjì ló yẹ̀ wò nínú ọgbà àti ní ẹ̀gbẹ́ títì. Àbúrò mi dúró tì wọ́n láti àárọ̀. Wọ́n fún wa ní àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kà. Ti ibi kìíní rèé. Ti apá òsì ni jíjìnnà èèkàn òde láti àárín ní mítà, ti apá ọ̀tún ni ohm-mita:

1 — 165
3 — 230
6 — 290
9 — 255
15 — 150
25 — 95
40 — 85
65 — 120
100 — 310

Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní ó dára, pé àpáta tó jẹrà wà níbẹ̀.

AyẹlẹwòÀkúrẹ́:
Inú mi dùn pé wọ́n fún yín ní nọ́ńbà gan-an. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fúnni ní ojú ìwé kan tí wọ́n kọ "ẹ gbẹ́ mítà 60" sí, kò sí ohunkóhun tí ẹlòmíràn lè fi yẹ iṣẹ́ wọn wò.

Láti òkè títí dé 65, ó dára gan-an. Ilẹ̀ òkè ka 165, nọ́ńbà gòkè lọ sí 290 nítorí yangí, ó sì wálẹ̀ lọ sí 85. Ibẹ̀ ni àpáta tó jẹrà wà. Lẹ́yìn náà ló tún ń gòkè nítorí ojú àpáta líle nísàlẹ̀. Ìlà tó ń gòkè, tó wálẹ̀, tó tún gòkè báyìí ni à ń pè ní KH, ó sì wọ́pọ̀ lórí ilẹ̀ àpáta wa.

Mi ò gba ti ìkẹyìn. Láti 65 sí 100, èèkàn sún lọ ní ìlọ́po 1.54. Nọ́ńbà yín gòkè láti 120 sí 310, ìlọ́po 2.58 nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá tò ní ìpele lórí ìpele, nọ́ńbà kò lè yára gòkè ju bí èèkàn ṣe ń sún lọ, kódà kí àpáta abẹ́ rẹ̀ le bí irin. Lórí gíráàfù log-log, èyí tí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ìlà kò gbọdọ̀ dìde ju ìgun dígírì 45 lọ. Tó bá dìde jù bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí èèkàn tàbí wáyà. Ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ náà kò tò bí ìpele níbi tí èèkàn yẹn bọ́ sí. Ẹ bi àbúrò yín ibi tí wọ́n kan èèkàn òde sí nígbà tí wọ́n dé 100.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kọ̀ǹpútà á fi 310 yẹn sọ àpáta ìsàlẹ̀ di líle gan-an, á sì fà á súnmọ́ òkè. Wọ́n lè torí ẹ̀ ní kí ẹ má gbẹ́ kọjá ibi kan.

ỌmọAdó:
Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi ní èèkàn apá òkè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta ńlá kan tó yọ sójú ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ le débi pé irin kò wọlé ju bí ìka ọwọ́ kan lọ, wọ́n wá da omi sí i.

Mo pe ẹni tó ṣe é, mo fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ hàn án. Kò bínú. Ó padà wá, ó yí ìlà náà kọjú sí apá kejì lójú títì tí kò kan àpáta yẹn, ó tún gbogbo rẹ̀ kà. Àwọn nọ́ńbà òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti tẹ́lẹ̀. Ti 100 wá jẹ́ 165.

AyẹlẹwòÀkúrẹ́:
Èèyàn iyì ni ẹni yẹn. Ẹ di nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mú.

165 bá ohun tó ṣáájú rẹ̀ mu. Bí mo ṣe wò ó, àpáta tó jẹrà lè dé mítà 20 sí 30 kí ó tó kan líle. Lórí ilẹ̀ àpáta, bí ohun tó bo òkúta bá nípọn tó mítà 25, ọkàn mi máa ń balẹ̀ díẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kò sì kéré débi tí màá fi pè é ní amọ̀ pátápátá. Mi ò lè ti inú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sọ bóyá àpáta ìsàlẹ̀ sán. Ẹ fi ti ibi kejì wé e. Èyí tí ìpele rẹ̀ bá nípọn jù láìjẹ́ amọ̀ ni kí ẹ yàn.

OnílélọỌ̀wọ́n:
Ẹ máà bínú, mo fẹ́ béèrè tèmi síbẹ̀. Ìbàdàn ni ilé mi, ògiri ẹ̀yìn ń sán. Bíríkìlà ní amọ̀ ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Ṣé irú àyẹ̀wò yìí lè fi hàn?

Akẹ́kọ̀ọ́Géò:
Ó lè fi hàn, àmọ́ èyí tó ń dúró sójú kan kọ́ ló máa wúlò fún yín. Ẹ béèrè èyí tó ń fi ọ̀pọ̀ èèkàn tò lórí ìlà gígùn, tó ń ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀ bí ẹni gé e lọ́bẹ. ERT ni wọ́n ń pè é. Fún ìpìlẹ̀ ilé, mítà mélòó kan lókè lẹ fẹ́ rí, torí náà kí èèkàn súnmọ́ra, mítà 1 tàbí 2. Bí amọ̀ bá wà lábẹ́ ẹ̀yìn nìkan tí iwájú jókòó sórí yangí, á hàn ketekete. Síbẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré síbi tó fi hàn kí wọ́n fojú rí i, kí ẹnjiníà tó fọwọ́ kan ilé náà. Ẹ sọ fún wọn ibi tí páìpù omi, ṣọ́kàwé àti kọnkéré onírin wà, kí wọ́n má baà kà á sí ilẹ̀.

ÌyáDámi:
Ọmọ ìyá mi kan ní àwọn kan wá fi ẹ̀rọ kékeré tó so mọ́ fóònù wo ilẹ̀ tirẹ̀, tó ya àwòrán aláwọ̀ mèremère jáde lójú ẹsẹ̀. Ṣé bákan náà ni?

AyẹlẹwòÀkúrẹ́:
Màmá, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ti iná sílẹ̀ rárá, iná tó ti wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Ó lè wúlò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, láti fi mọ ibi tó yàtọ̀ sí ibi kejì. Àmọ́ nínú ìlú tí wáyà iná pọ̀, ohun tó ń wọ̀n lè jẹ́ ti wáyà. Àwọ̀ búlúù inú àwòrán yẹn kò túmọ̀ sí omi, kọ̀ǹpútà ló yan àwọ̀ náà. Kí ọmọ ìyá yín béèrè nọ́ńbà, kó sì béèrè bóyá wọ́n wo kànga àdúgbò.

BàbáRìgì:
Ẹni tó bá ń ṣe àyẹ̀wò, ẹ kó ọmọdé àti ewúrẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn o. Àwọn ẹ̀rọ kan ń gbé iná dé 400 fólítì sí èèkàn òde, èèkàn yẹn sì lè wà ní ẹ̀yìn ilé onílé tí kò mọ ohun tó ń lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í. Bí ààrá bá ti sán lókèèrè, kí wọ́n ká wáyà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ máa ń gbẹ tí irin kì í gbá a mú. Kí wọ́n da omi oníyọ̀ díẹ̀ sí ẹsẹ̀ èèkàn. Díẹ̀ ni mo wí o. Bí omi bá ṣàn láti èèkàn kan dé èkejì, iná á gba ojú omi yẹn lọ, kò ní wọ ilẹ̀.

ỌmọAdó:
Ibi kejì la yàn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn màmá. Ìpele àpáta tó jẹrà níbẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì jìnnà sí ṣọ́kàwé ju mítà 30 lọ. Bàbá, agbẹ́lẹ̀ máa dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kí àbúrò mi máa ṣe nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ?

BàbáRìgì:
Kó ní kí wọ́n máa bu erùpẹ̀ tó ń jáde ní gbogbo mítà 3, kó tò ó sílẹ̀ lórí tapólì lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kó kọ ìjìnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó ya fọ́tò. Yangí pupa, amọ̀, yanrìn onídídán, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú, gbogbo rẹ̀ á hàn. Kó kọ ibi tí omi ti kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, àti ibi tó ti pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá kan àpáta líle, kí wọ́n má ṣe dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n wọ inú rẹ̀ díẹ̀ bóyá ó sán. Àmọ́ ẹ jọ fi ẹnu kò sí ibi tí wọ́n máa dúró kí ẹ̀rọ tó tan, torí mítà kọ̀ọ̀kan ni owó. Bí wọ́n bá parí, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi náà fún wákàtí pípẹ́, kí wọ́n wọn bó ṣe ń wálẹ̀ àti bó ṣe ń padà gòkè. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ìwọ̀n ẹ̀rọ tó yẹ kí ẹ rà fún màmá.

AyẹlẹwòÀkúrẹ́:
Ẹ fi fọ́tò erùpẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣe àyẹ̀wò náà, kó fi wé gíráàfù rẹ̀. Bó bá mọ̀ pé mítà 27 ni àpáta wà tí òun pè é ní 23, ilé tó tẹ̀ lé e ní àdúgbò yẹn, á túbọ̀ wò ó dáadáa. Ẹ gbé e sí ibí náà, pẹ̀lú ti aládùúgbò yín tó gbẹ́ gbígbẹ bó bá gbà. Èkìtì pọ̀ lórí ìjíròrò yìí.